Sukhdi Ilé Ba

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn ohùn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Òjò ti ń rọ̀ ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí láti àárọ̀, ilé ìdáná nìkan ló móoru, ibẹ̀ ni mo gbé gbohùngbohùn wá. Àwo kan wà níwájú mi, mo fi ìdérí dé e. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Nọ́ọ̀sì yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi: 44. Ó ní ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 42, kó máa lọ sílé rẹ̀ láyọ̀. Tó bá ti di 48, ìtọ̀ ṣúgà ti dé nìyẹn. Èmi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò wọlé, n kò sì sí níta. Ó bi mí pé kí ni mo máa ń jẹ. Mo ní ẹ̀bà, ẹ̀fọ́, ẹja. Mi ò dárúkọ jalebi, nǹkan dídùn àwọn ará Íńdíà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Tí aago mẹ́ta òru bá lù, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, ojú á kàn máa pa dé fúnra rẹ̀. Nǹkan dídùn ló máa ń bá mi lé oorun lọ. Ẹni tó bá sì ń gbé nítòsí Belgrave Road, èyí tí wọ́n ń pè ní Golden Mile, kì í wá nǹkan dídùn tì. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ló tò síbẹ̀: barfi tí wọ́n fi wàrà dì, jalebi tó lọ́ bí okùn, gulab jamun tó rì sínú omi ṣúgà. Àsìkò Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, wá burú jù. Wọ́n á tan iná sí gbogbo òpópónà náà, èrò á pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ò ní gbèrò, kò sì sí ilé tí wàá wọ̀ tí wọn ò ní gbé àwo lé ọ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì yẹn sọ ọ̀rọ̀ kan tó bá mi dé ilé. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà tètè máa ń mú àwa ọmọ Áfíríkà àti àwọn ará Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh ju àwọn òyìnbó lọ. Ìwọ̀n ìsanra BMI yẹn, tó bá ti di 25 ni wọ́n máa ń kìlọ̀ fún òyìnbó. Tiwa, láti 23 ni. Mo rò ó títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà mi pé àṣé inú ọkọ̀ kan náà lèmi àti Ba wà.

Ba ni aládùúgbò mi. Ìyá àgbà ni Ba lédè Gujarati, ìyẹn èdè àwọn ará Gujarat ní Íńdíà, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Kampala ni wọ́n bí i sí. Ní 1972, Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà ní 90 ọjọ́ péré kí wọ́n kó kúrò ní Uganda. Ìjọba ìbílẹ̀ Leicester sì sanwó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn Uganda Argus pé kí wọ́n má wá sí ìlú àwọn o, ilé ti kún, ilé ìwé ti kún. Ba ní inú ìpolówó yẹn gan-an ni ọkọ òun ti kọ́kọ́ rí orúkọ Leicester. Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn, mo ní mi ò lè fi nǹkan dídùn sílẹ̀ lójijì, màá kúkú sọ ọ́ di èyí tó dára fún ara. Mo ra atta, ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n lọ̀ tòun tèèpo, tí àwọn ará Íńdíà fi ń ṣe rotí lójoojúmọ́. Àlìkámà ní èèpo, ó ní ibi tó ti ń hù, ó ní inú funfun. Tí wọ́n bá ń ṣe ìyẹ̀fun funfun, tí wọ́n ń pè ní maida, inú funfun yẹn nìkan ni wọ́n máa ń mú. Ẹ tún wá wo ọgbọ́n òyìnbó: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ẹni tó bá lọ ìyẹ̀fun funfun gbọ́dọ̀ da irin, calcium àti àwọn oríṣi fítámì B kan padà sínú rẹ̀. Ẹ̀ ń bó o, ẹ tún ń sanwó kí ẹ tó fi padà. Ìyẹ̀fun tòun tèèpo ò sí nínú òfin yẹn, nítorí wọn ò yọ tirẹ̀ kúrò.

Mo wá fi atta yìí ṣe gulab jamun. Ha! Èèpo máa ń fa omi gan-an, mi ò sì mọ̀. Ó sán nínú òróró, ó ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, ìyókù sì le bí ọmọ ayò. Mo kó o sínú abọ́, mo gbé e lọ fún Ba, ojú ń tì mí. Ó mú ọ̀kan, ó jẹ́ kó bọ́ sórí tábìlì. Kò! Ó wò mí.

“Dikri, ta ló ní kí o fìyà jẹ ẹ́?”

Ọmọ mi obìnrin ni dikri. Ó ní gulab jamun kì í ṣe ọ̀rẹ́ atta. Ó ní àwọn nǹkan dídùn kan wà tí wọn ò mọ ìyẹ̀fun mìíràn rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, mo wá fi wọ́n sílẹ̀, mo ń lé èyí tó wà nínú gíláàsì kiri. Ó ka díẹ̀ fún mi: sukhdi tiwọn ní Gujarat, lapsi tí wọ́n fi àlìkámà tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ sè, panjiri tí àwọn ará Punjab máa ń ṣe fún abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí agbára rẹ̀ lè padà. Ó ní kí n padà wá lọ́la.

Sukhdi la ṣe. Abọ́ irin kan ni Ba fi ń wọn gbogbo nǹkan: atta abọ́ méjì, ghee abọ́ kan, gol tí ó ti gé wẹ́wẹ́ abọ́ kan. Ghee ni bọ́tà tí wọ́n yọ́ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ. Gol ni ṣúgà ìrèké tí wọ́n sè títí tó fi dì, tí wọn ò fọ̀ ọ́ di funfun. Àwọn Hausa ń ṣe irú rẹ̀, mazarkwaila ni wọ́n ń pè é. Ba gbé agbada kaná, ó yọ́ ghee, ó da atta sí i, ó sì fa ṣíbí igi lé mi lọ́wọ́. Iná ò gbọdọ̀ pọ̀, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ sinmi. Mo rò títí apá fi ń ro mí. Ba jókòó, kò wo agbada rárá. Imú ló fi ń sè é.

Ìgbà tó tó bí ìṣẹ́jú méjìlá, òórùn náà yí padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúró sójú kan. Mo mọ òórùn yẹn! Àkúrẹ́ ló gbé mi lọ, ẹ̀yìnkùlé ìyá bàbá mi. Àádùn! Àgbàdo tí a yan, tí a lọ̀ tòun tèèpo, tí a fi epo pupa pò, pẹ̀lú iyọ̀, ata díẹ̀ àti oyin, tí a dì sínú ewé. Èyí tí a máa ń fi ṣàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ. Ìyẹ̀fun yíyan, ọ̀rá, adùn: ohun kan náà ni. “Rò ó, dikri, ó máa jóná!” ni Ba fi pè mí padà sí Leicester.

A gbé e kúrò lórí iná kí a tó da gol sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Tí gol bá sè pẹ́ lórí iná, òkúta lo máa jẹ. A tẹ́ ẹ sínú àwo, a gé e sí ogún.

Ọjọ́ kejì, mo gbé mẹ́sàn-án lọ síbi iṣẹ́, mo sì jẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń sọ fún ara mi? “Atta ni. Gol ni. Kò burú.” Ìgbà tí mo délé ni mo wọn abọ́ Ba: gol inú rẹ̀ jẹ́ 160 gíráàmù. Pín in sí ogún, ẹyọ kan gba 8 gíráàmù. Àwọn elétò ìlera ilẹ̀ yìí sọ pé kí àgbàlagbà má kọjá 30 gíráàmù irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, gol sì wà lára rẹ̀, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tó. Mo ti jẹ ju ìlọ́po méjì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò tíì fẹnu kan ọ̀rọ̀ ghee o. Èèpo yẹn wúlò, ó ń jẹ́ kí oúnjẹ rọra dà nínú, àmọ́ kì í ṣe oògùn tó ń pa ṣúgà.

Mo jẹ́wọ́ fún Ba. Ó sọ fún mi nípa tẹ́ńpìlì kan ní Mahudi, ní Gujarat, tí wọ́n ti máa ń fi sukhdi rúbọ. Gbogbo èyí tí wọ́n bá fún ọ, inú ọgbà ibẹ̀ ni wàá ti jẹ ẹ́ tán, kò gbọdọ̀ bá ọ jáde. Láti ọjọ́ náà ni ilé Ba ti di Mahudi fún mi. Ẹyọ kan tàbí méjì, lórí àga rẹ̀, pẹ̀lú tíì. Kì í tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀pà ni mo fi ń lé oorun báyìí, kò dùn tó o, mi ò ní purọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yan àgbàdo, mo lọ̀ ọ́, mo ṣe àádùn fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó sún ojú jọ, ó ní “Ata?” Ó tún bu òmíràn. Ó wo epo tó wà ní ìka rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí n fi ìyẹ̀fun tó kù sílẹ̀ fún òun.

Ohun tó gbé wá lálẹ́ òní ló wà nínú àwo yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i. Ìyẹ̀fun àgbàdo mi ni, ó fi ghee àti gol pò ó, ó fi elaichi, èso kékeré kan tó ń ta sánsán, sí i. Kò sí epo, kò sí ata, ó gé e sí igun mẹ́rin bíi sukhdi. Ìyá bàbá mi ì bá bèèrè ẹni tó ba àádùn jẹ́ báyìí. Ó dùn, ṣá. Mo ti jẹ ọ̀kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀, mo sì ń wo èkejì.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ sá aṣọ. Ó dàárọ̀ o.