Ọjọ́ tí a ń kọ ìtàn ni fíìmù ti ń jáde

Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o, ẹ̀yin ará wa tó wà lájò àti ẹ̀yin tó wà nílé. Èmi nìkan ni mo jókòó ti máìkì lónìí. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo bá wá, fíìmù tí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ń dá ṣe, tí kò sí onígbọ̀wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára ni bí fíìmù tó ti parí ṣe ń kú sínú kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá tú u wò, ẹ ó rí i pé òṣèré kan kò fọwọ́ sí ìwé, tàbí wọn ò gba àṣẹ orin tí wọ́n lò, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré kò yéni. Gbogbo ìyẹn ti bàjẹ́ kí ẹ́dítì tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ wo ibi tí fíìmù máa gbà jáde, kó tó gbé kámẹ́rà.

Orí ìwé eré ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ní sílẹ̀ ná: ilé tí wọ́n lè yọ̀ǹda fún yín fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, òṣèré méjì tàbí mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn ni kí ẹ wá kọ ìtàn lé lórí. Ojú ìwé kan máa ń súnmọ́ ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ kékeré kì í sábà lè ya ju ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lóòjọ́ láìṣe jágbajàgba. Ìran alẹ́ níta gbangba, èrò rẹpẹtẹ, ọmọdé, ọkọ̀ tó ń sáré: ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń jẹ àkókò. Oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ni mo gbà pé a ò gbọ́dọ̀ fi ṣahun. Ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kò yẹ kó tún máa fi ebi ṣe é.

Ó di ọ̀rọ̀ ohùn, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí. Òǹwòran á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá ti gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ, ó ti lọ nìyẹn. Máìkì tó wà lára kámẹ́rà jìnnà sí ẹnu, nítorí náà yàrá ló ń gbọ́ ju èèyàn lọ. Tí owó yín bá tó ra ohun kan péré, máìkì ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ, ẹ gbé e sí àárín àyà, nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu. Ẹ ká wáyà rẹ̀ róbótó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ aṣọ, kó má baà máa fa máìkì bí òṣèré bá ṣe ń yíra. Aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí àti èyí tó ń dán máa ń ha gan-an. Ọjọ́ tí ẹ ń yan aṣọ ni kí ẹ ti fọwọ́ pa á létí kí ẹ gbọ́.

Máìkì orí ọ̀pá ńkọ́? Ẹ mú un sún mọ́ orí òṣèré títí tí kámẹ́rà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí àyà. Nínú ètò ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba ohùn, ẹ yan 48 kHz àti 24 bit, kí ibi tó ròkè jù nínú ọ̀rọ̀ máa wà ní nǹkan bíi -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn rẹ̀. Tó bá ti kan 0, ohùn ti fọ́, ó sì ṣòro fún ẹ́dítì láti tún un ṣe.

Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ gbé hẹ́dífóònù sétí, kí gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Ẹ ó gbọ́ fíríìjì tó ń kùn. Kíkùn yẹn nìkan kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ó máa ń dákẹ́, ó sì tún máa ń bẹ̀rẹ̀: tí ẹ bá lẹ ìdajì ìran tó ń kùn mọ́ ìdajì tí kò kùn, gbogbo etí ló máa mọ ibi tí ẹ ti gé e. Ẹ pa á. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín sínú rẹ̀ kí ẹ tó pa á, ẹ ò ní lè lọlé láìrántí tàn án padà. Kí ẹ tó tú ká níbẹ̀, kí gbogbo èèyàn dúró bí ọ̀pó, kí ẹ gba ìdákẹ́rọ́rọ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú kan. Òun lẹ máa fi dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì.

Fóònù tó lè gba 4K tó fún àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ lo áàpù tó lè ti ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti iye àwòrán ìṣẹ́jú-àáyá kan pa sójú kan, 24 tàbí 25. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iye yẹn á máa yí padà fúnra rẹ̀, ohùn tí ẹ gbà lọ́tọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sẹ́yìn ètè òṣèré. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 50 Hz, ẹ fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50. Níbi tó bá ti jẹ́ 60 Hz, ẹ fi sí 1/60. Tí shutter kò bá bá iná mu, gílóòbù á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán.

Ní ti káàdì tí kámẹ́rà ń kó àwòrán sí, kò gbọ́dọ̀ padà sínú kámẹ́rà títí ẹ ó fi ní ẹ̀dà méjì tí ẹ ti ṣí wò, kí ọ̀kan sì sùn sí ilé ẹlòmíràn.

Ìwé àṣẹ wá kàn. Kí òṣèré, onílé àti olórin fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ti rìnrìn àjò lẹ́yìn ìyàwòrán lè má ṣeé rí mọ́. Orin ní ẹ̀tọ́ méjì: ti ẹni tó kọ ọ́, àti ti ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Orin àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti parí ṣì lè ní rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun tó ní olówó. Bí ẹ bá rí orin Creative Commons, ìyẹn orin tí olówó rẹ̀ ti fún gbogbo ayé láṣẹ láti lò pẹ̀lú àdéhùn, ẹ ka lẹ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. BY fẹ́ kí ẹ dárúkọ olórin. NC kò fẹ́ kí ẹ fi ṣòwò. ND kò gbà kí ẹ yí i padà, bẹ́ẹ̀ lílẹ orin mọ́ àwòrán jẹ́ yíyí padà lójú ìwé àṣẹ yẹn. Àwọn tó ń kó sí pàkúté ND yìí pọ̀.

DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà fún ẹ́dítì, ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tó tó fún ẹ́dítì, àwọ̀ àti ohùn. Ẹni tó bá ń lo Linux kó mọ̀ pé ẹ̀yà ọ̀fẹ́ kì í ṣí fáìlì H.264, irú fídíò tí fóònù sábà máa ń gbà. Ẹ ní láti kọ́kọ́ yí i padà. Tí kọ̀ǹpútà bá ń wọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ tí ẹ máa fi ṣe ẹ́dítì.

Tí èdè Yorùbá bá wà nínú fíìmù tàbí nínú subtitle (ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán), ẹ fi UTF-8, ọ̀nà ìpamọ́ lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá, pa fáìlì SRT, ìyẹn fáìlì subtitle, mọ́, kí ẹ sì dán fọ́ǹtì wò pẹ̀lú «ọ̀» àti «ẹ́». Fọ́ǹtì mìíràn á gbé ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn ti òkè á wá di àpótí òfìfo tàbí kó gun lẹ́tà kejì. Ẹ má jẹ́ kí subtitle ju ìlà méjì lọ, nǹkan bíi lẹ́tà 42 lórí ìlà kan.

Ọ̀nà tí fíìmù máa gbà jáde wá ńkọ́? Ẹ yan èwo ló ṣáájú: àjọ̀dún fíìmù ni tàbí YouTube. Àjọ̀dún tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi fíìmù hàn kò ní gba èyí tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gígùn náà ń sọ̀rọ̀: ìṣẹ́jú 40 pẹ̀lú orúkọ ìparí ni ẹ̀yẹ Oscar fi ààlà sí fún fíìmù kúkúrú, ìṣẹ́jú 15 ni ti àjọ̀dún Cannes. Ẹ kọ̀wé béèrè ìdáríjì owó ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó san án, torí lẹ́yìn ìsanwó, ó ti pẹ́. Fọ́tò tí wọ́n máa béèrè, ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ ti yà á. Àwòrán tí a gé lára fídíò kì í mọ́ tó.

Bí sinimá bá béèrè DCP, irú fáìlì tí ẹ̀rọ sinimá ń lò, ètò kọ̀ǹpútà DCP-o-matic máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ dán an wò ní sinimá náà fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, pàápàá ohùn.

Fún YouTube, ẹ gbé e sókè ní ìkọ̀kọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Content ID, ètò YouTube tó ń wá orin tó ní olówó, á yẹ orin wò, bí ẹnì kan bá ní òun ló ni ín, ìwé àṣẹ tí olórin fọwọ́ sí ti wà nílẹ̀ tí ẹ máa fi dáhùn. Ẹ lẹ SRT mọ́ ọn, ẹ wò ó látòkè délẹ̀ lórí fóònù àti lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí i fáráyé.