Imú Ọmọ ní Ìgbà Ìrúwé

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì nílé àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ imú àwọn ọmọdé ni mo gbé wá lónìí, nítorí ẹnu àwa òbí kò tíì kò lórí rẹ̀. Bí imú ọmọ mi bá ti ń ṣomi ní oṣù karùn-ún níbí, ní Ontario, ìyá mi yóò pè láti Ìjerò pé òtútù ti mú ọmọ òun, kí n tètè wá oògùn apakòkòrò fún un. Ọyẹ́ ni wọ́n mọ̀, èyí tí ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bo òkè Ẹ̀fọ̀n láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Níbí, igi ni ó ń tú lẹ́búlẹ́bú òdòdó sínú afẹ́fẹ́ ní ìgbà ìrúwé. Koríko a tẹ̀ lé e, nígbà tí ó bá sì di oṣù kẹjọ, èpò tí wọ́n ń pè ní ragweed a gbà á lọ́wọ́ wọn.

Àlẹ́jì kì í ṣe àkóràn. Ara ọmọ ni ó ka lẹ́búlẹ́bú náà sí ọ̀tá, tí imú fi ń yún, tí ọmọ ń sín léraléra, tí ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu imú sókè títí ilà yóò fi hàn lórí rẹ̀, láìsí ibà rárá. Inú àwọn yàrá kéékèèké tí ó wà nínú egungun ojú, tí àwọn dókítà ń pè ní sáínọ́ọ̀sì, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di àkóràn. Ihò tóóró ni ikun inú wọn ń gbà bọ́ sínú imú; bí awọ inú imú bá wú nítorí àlẹ́jì, ihò náà a dí, ikun a dá rogún bí omi gọ́tà tí ewé dí, kòkòrò tí ó ti wà nínú imú tẹ́lẹ̀ a sì ráyè pọ̀ sí i. Ti iwájú orí kì í tilẹ̀ fara hàn títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún 7 tàbí 8, nítorí náà, ẹni tí ó ń fi róòbù pa iwájú orí ọmọ ọdún mẹ́ta nítorí sáínọ́ọ̀sì kàn ń fi róòbù ṣòfò ni.

Àwọ̀ ikun ni ọ̀pọ̀ wa ń wò. Bí ó bá ti ṣú bí ewé, a ó ra amoxicillin, oògùn apakòkòrò kan, ní kẹ́míìsì, láìrí dókítà. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ọ̀fìnkìn lásán náà a máa sọ ikun di aláwọ̀ ewé, oògùn apakòkòrò kò sì ran àlẹ́jì. Ọjọ́ ni kí a máa kà. Ìlànà tí àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 fi àmì mẹ́ta lélẹ̀ tí a fi ń mọ̀ pé sáínọ́ọ̀sì ti di àkóràn, ọ̀kan nínú wọn sì tó: kí imú máa ṣàn tàbí kí ikọ́ ojúmọmọ wà ju ọjọ́ 10 lọ láìrọ̀, kí ara ti ń yá, kí ó tún padà burú, tàbí kí ibà tó ìwọ̀n 39 pẹ̀lú ikun tí ó ki bí ọyún fún ọjọ́ 3 léraléra.

Kí ó tó dé bẹ̀, wíwú awọ inú imú yẹn ni kí a tọ́jú: omi iyọ̀ tí a ṣe fún imú, oògùn àlẹ́jì tí dókítà bá yàn, ìwẹ̀ àti aṣọ mìíràn nígbà tí ọmọ bá ti ìta dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Adó tàbí Ìkéré, ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn, nítorí kòkòrò inú eruku ilé náà a máa fa irú àlẹ́jì yìí láìka àsìkò sí. Ṣùgbọ́n bí ìpéǹpéjú ọmọ bá wú tí ó sì pọ́n, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gidigidi tí ó sì ń bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.