Bí a bá ní oòrùn ń ràn

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún oòrùn fúnra rẹ̀, ó sì tún ní òmíràn, sunshine, fún ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tàn sí ayé. Ní tiwa, èyí tí ó wà lójú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí ó bọ́ sí àgbàlá, àti ooru rẹ̀ tí ó ń jó wa lórí, oòrùn náà ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá tẹ̀lé e ni yóò fi èyí tí a ní lọ́kàn hàn. Bí a bá ní ó yọ tàbí ó wọ̀, òun alára là ń bá wí. Bí ó bá ń ràn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ó bá mú, ooru ni, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìráhùn.

Ní àárọ̀ ọyẹ́, àgbàlagbà a máa gbé àga síta láti yá oòrùn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń yáná, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀sán gangan, abẹ́ igi ni ẹ ó ti bá a. Ẹni tí ó ń ṣe èlùbọ́ kò ní sá fún un ní tirẹ̀: iṣu tí ó ti bó, tí ó bọ̀ díẹ̀, tí ó sì rẹ mọ́jú ni yóò sá sí oòrùn títí yóò fi gbẹ kí ó tó lọ̀ ọ́.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì níbí. Oòrùn yàtọ̀ sí oorun tí à ń sùn, ó sì yàtọ̀ sí òórùn tí imú ń gbọ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láìfi àmì sí i pé «oorun yii ko je ki n jade», ẹ pè é padà kí ẹ tó bá a kẹ́dùn.

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, Sunshine State ni oríkì tí wọ́n ń kọ sára nọ́ńbà ọkọ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àkúrẹ́ sì ń jẹ́ Sunshine Stars. Adùn tí Òyìnbó ń rí nínú oòrùn, nítorí òtútù ilẹ̀ rẹ̀, ni orúkọ wọ̀nyí gbé wá. Ó tilẹ̀ lè fi sunshine pe ọmọ rẹ̀. Bí ìyá kan ní Àkúrẹ́ bá pe tirẹ̀ ní «oòrùn mi», aládùúgbò lè béèrè ohun tí ọmọ náà fi ṣe é.