Bí A Ṣe Ń Tọpa Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Macbeth

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ràn eré orí ìtàgé. Macbeth tí Shakespeare kọ la fẹ́ ṣí lónìí. Nígbà tí èmi wà ní girama, ṣe ni wọ́n ní ká há orúkọ ọnà èdè sórí: àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, àwítúnwí, ìfohunpènìyàn. Mo mọ gbogbo wọn lórí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣí ojú ìwé kan síwájú mi, mi ò mọ ibi tí màá ti mú un. Nítorí náà, ọ̀nà mìíràn la máa gbà. A máa mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan, done, a ó sì máa tẹ̀ lé e láti ẹnu ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíràn títí a ó fi rí ohun tó ń ṣe.

Ẹ mú ìwé yín, pẹ́ńsùlù kan, àti bírò pupa kan. Tí wọn ò bá sí nítòsí, ẹ dá fídíò yìí dúró, ẹ lọ mú wọn wá. Mo ń dúró dè yín.

Ìtàn náà ní ṣókí, fún ẹni tí kò kà á rí. Macbeth jẹ́ balógun ní Skọ́tílándì. Àwọn obìnrin abàmì mẹ́ta pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ní yóò jọba. Ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó ní kí wọ́n má ṣe jókòó dè é, àwọn méjèèjì sì pa Ọba Duncan lórí oorun. Láti ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀, títí orí ìyàwó fi dàrú, tí Macduff, ìjòyè kan ní Skọ́tílándì, sì gé orí ọkọ.

Nǹkan bí ọdún 1606 ni Shakespeare kọ ọ́. Inú ìwé ìtàn Holinshed ló ti rí i, ṣùgbọ́n ó yí i padà. Macbeth gidi jọba láti 1040 sí 1057, ojú ogun sì ni Duncan gidi kú sí. Shakespeare ló gbé ọba náà wọ ilé Macbeth, ó fún un ní oúnjẹ alẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, kó tó jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ gún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àlejò tó sùn sílé ẹni ni wọ́n pa, ó tún jẹ́ ìbátan.

Ó dáa. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ ka gbólóhùn náà sókè kí ẹ tó wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí apá kìíní, ìran keje. Macbeth nìkan ló dúró, àwọn àlejò ń jẹun nínú ilé. Ẹ wo ibi tí ìka mi wà yìí:

"If it were done when 'tis done, then 'twere well
It were done quickly."

Ẹ fi ọwọ́ gbá tábìlì bí ẹ ṣe ń kà á. Sílébù mẹ́wàá ló wà nínú ìlà àkọ́kọ́. Bí àwọn ọlọ́lá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nínú eré Shakespeare nìyẹn, ìró fífúyẹ́ kan, ìró wíwúwo kan, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ìlù náà ṣe ń kọsẹ̀ lórí done kejì. Ẹ tún wò ó: gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló jẹ́ sílébù kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń yọ́ rìn lóru, títí tó fi dé quickly. Ojú ń kán an, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ wo ibi tí yóò ti kọ̀ jálẹ̀. Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́: "Bó bá jẹ́ pé tí a bá ti ṣe é, ó tán nìyẹn, à bá tètè ṣe é." Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kan náà ni Macbeth lò, àwa sì ní láti fi méjì rọ́pò rẹ̀: ṣe àti tán. Done àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Done kejì túmọ̀ sí pé a ti ṣe é. Ìfọ̀rọ̀dárà nìyí, orí rẹ̀ ni gbogbo eré náà sì dúró lé: ọkùnrin yìí fẹ́ kí ṣíṣe àti títán jẹ́ ohun kan náà, wọn kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fi ìyàtọ̀ náà pa mọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan. Èdè wa ló tú u síta. Mo ti kọ́ ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó rí i, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan béèrè pé, "Mà, ṣé ó ṣe é ni, àbí ó parí?" Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, inú mi ṣì ń dùn.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù yí it ká níbẹ̀, ìgbà mẹ́rin ló sọ ọ́. It wo? Kò sọ. Àdàpè ni. Àwa náà máa ń dà á pè, a máa ń sọ pé ọba wàjà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ la fi ń ṣe é. Macbeth ń dà á pè kí etí tirẹ̀ má bàa gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìran karùn-ún, nígbà tó ní kí wọ́n ṣètò fún ẹni tó ń bọ̀. Ìyálé ilé wo ni kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí àlejò bá fẹ́ dé? Oúnjẹ ń bẹ nínú rẹ̀, omi ìwẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀, ibùsùn ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ̀bẹ lòun ní lọ́kàn. Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ nìyẹn, nígbà tí Duncan bá sì dé ẹnu ọ̀nà tó ń yin afẹ́fẹ́ ilé náà pé ó dára, kò sí ará inú eré kankan tó kìlọ̀ fún un. Àwa tá a jókòó wòran mọ̀, òun kò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni bírò pupa. Ẹ padà sí ìran kẹta, ẹ fàlà sábẹ́ ohun tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin abàmì náà sọ: "I'll do, I'll do, and I'll do." Kí Macbeth tó yọ sójú agbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. (A máa ń pè wọ́n ní àjẹ́, ṣùgbọ́n weird tí wọ́n fi ń pè wọ́n nínú eré wá láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó túmọ̀ sí àyànmọ́. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.) Ìró tiwọn náà yàtọ̀: "Double, double, toil and trouble", ìró wíwúwo ló ń ṣáájú, ìlà sì kúrú. Ẹ gbá tábìlì, ọwọ́ yín á sọ fún yín pé èèyàn bíi tiwa kọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ lọ sí apá kejì, ìran kejì. Macbeth jáde láti yàrá ọba: "I have done the deed." Ó ti ṣe é. Ṣé ó tán? Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní bóyá ni gbogbo omi òkun lè fọ ẹ̀jẹ̀ yìí kúrò, ọwọ́ òun ni yóò sọ òkun di pupa. Àsọdùn ni, ẹ sì tẹ́tí sí bó ṣe tò ó: "The multitudinous seas incarnadine", ọ̀rọ̀ gígùn gbàgẹ̀rẹ̀ bí ìgbì òkun, lẹ́yìn náà ló wá já wálẹ̀, "making the green one red." Ìyàwó wọlé, ó ní omi díẹ̀ ni yóò wẹ ọ̀ràn yìí nù. Ẹ fàlà sí omi díẹ̀ yẹn náà.

Apá kẹta, ìran kejì: ìyàwó ń tu ọkọ nínú, "What's done is done." Ohun tí a ti ṣe ti tán. Òun náà ti gbà pé bákan náà ni méjèèjì.

Ẹ wá bá mi lọ sí apá karùn-ún, ìran kìíní. Ẹ rọra kà á. Òru ni. Dókítà kan àti obìnrin tó ń tọ́jú ìyàwó Macbeth sá pamọ́, wọ́n ń wò ó. Obìnrin náà ń rìn lójú oorun, àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó ti pàṣẹ pé iná kò gbọdọ̀ jìnnà sí òun. Ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni ń fọ̀ ọ́. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ní òun ti rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi díẹ̀ ọjọ́sí dà? Gbogbo lọ́fínńdà Arébíà, ó ní, kò lè mú kí ọwọ́ kékeré yìí ta sánsán mọ́. Ẹ tún gbá tábìlì: ìlù ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ geere ló ń sọ, ó sì ń já. Ìgbà náà ló wá sọ pé, "What's done cannot be undone." Ohun tí a ti ṣe kò ṣe é tú. Ó pe ọkọ tí kò sí níbẹ̀ kí wọ́n lọ sùn, a kò sì rí i lójú agbo mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, kíákíá: ìgbà yìí ni kí ẹ wá fi orúkọ sí i. Tí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò, ẹ má kọ "àwítúnwí wà níbí" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ kọ pé Shakespeare tún done sọ ní ẹnu ọkọ àti ìyàwó, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí láti "ó tán" sí "kò ṣe é tú", kí ẹ sì dárúkọ apá àti ìran tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ó béèrè pé "Tomorrow, and tomorrow, and tomorrow" ńkọ́, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí Macbeth sọ nígbà tó gbọ́ ikú ìyàwó rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni. Ẹ padà sí apá kìíní, ìran karùn-ún. Ìyàwó béèrè ìgbà tí Duncan máa lọ. Macbeth ní, "Tomorrow." Ìyàwó ní oòrùn kò ní rí ọ̀la yẹn láé. Ọ̀la tí wọ́n fi du àlejò ló wá ń wọ́ lọ lẹ́sẹ̀ Macbeth yìí, ọ̀la lórí ọ̀la, kò sì sí ẹni tí yóò bá a lò ó.

Iṣẹ́ yín nìyí kí a tó tún pàdé. Ẹ mú sleep, oorun. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin abàmì ní apá kìíní, ìran kẹta, níbi tí wọ́n ti ń halẹ̀ mọ́ atukọ̀ kan pé kò ní sùn lóru, kò ní sùn lọ́sàn-án. Ẹ fi bírò pupa tẹ̀ lé e dé ibi àtùpà yẹn.