Ìmìtìtì Ilẹ̀: Ilé Ni Ó Ń Pa Èèyàn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn bíríkìlà, àwọn onílé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Àkúrẹ́ nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Orílẹ̀-èdè méjì ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti, nítòsí Port-au-Prince tí í ṣe olú ìlú wọn. Agbára rẹ̀ jẹ́ 7.0 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹnu kò kò lórí iye àwọn tó kú: àwọn kan ní 100,000, ìjọba ibẹ̀ ní ó lé ní 300,000. Kò tó ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, tí ilẹ̀ tún fi mì ní Chile. 8.8 ni tiyẹn. Ẹ má rò pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín 7.0 àti 8.8 kéré o: agbára tó jáde ní Chile tó ìlọ́po 500 ti Haiti. Síbẹ̀, nǹkan bí 525 èèyàn ni ó kú ní Chile.

Kí ló fà á? Ojú Chile ti rí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1960, ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára jù lọ tí ẹ̀rọ tíì wọ̀n rí, 9.5, ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá Valdivia ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n kọ́gbọ́n, wọ́n ṣòfin ìkọ́lé tó le. Ẹni tó bá kọ́ ilé tà, ọrùn rẹ̀ ni àbùkù ilé náà wà fún ọdún 10. Ní Haiti, kò sí òfin ìkọ́lé tí ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ lé. Sìmẹ́ǹtì kò tó nínú kọnkéré, irin kò tó nínú òpó, dẹ́kìn tó wúwo sì jókòó lórí òpó tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí òpó yẹ̀, gbogbo àjà já lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí pé ilé ìwé wà lára wọn.

Ilẹ̀ tí ilé dúró lé náà ń dá sí i. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, etí òkun Pàsífíìkì ni ilẹ̀ ti ya ní Mẹ́síkò, tí ìmìtìtì fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n olú ìlú wọn, tó jìnnà ju 300 kìlómítà lọ, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú sí. Ojú adágún omi àtijọ́ ni wọ́n tẹ apá púpọ̀ nínú ìlú náà dó sí. Bí abọ́ tí ẹ̀kọ tútù wà nínú rẹ̀ bá mì díẹ̀, ẹ̀kọ inú rẹ̀ á gbọ̀n ju abọ́ lọ; bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ rírọ̀ ṣe ń ṣe. Ní Agadir ní Mòrókò, oṣù Kejì ọdún 1960, agbára ìmìtìtì ibẹ̀ kò tó 6, àmọ́ abẹ́ ìlú gan-an ló ti ya. Ó lé ní 12,000 èèyàn tó kú.

Ti òkun yàtọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ìsàlẹ̀ òkun mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sumatra ní Indonéṣíà, ìgbì tí aráyé ń pè ní sùnámì sì gbé èèyàn bí 227,000 lọ, títí dé Sòmálíà ní Áfíríkà wa níbí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti erékùṣù Simeulue, tó súnmọ́ ibẹ̀ gan-an. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn baba ńlá wọn ní ọdún 1907, wọ́n sì fi í sínú ìtàn àti orin fún àwọn ọmọ: bí ilẹ̀ bá mì gidigidi, tí òkun sì fà sẹ́yìn, ẹ má dúró wò ó, òkè ni kí ẹ gbà lọ. Nínú èèyàn tó lé ní 70,000, àwọn tó kú kò ju 7 lọ. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́.

Ti Tọ́kì ni ó kàn wá jù. Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023 ni, aago mẹ́rin ìdájí kọjá, oorun ń kun àwọn èèyàn. 7.8 ni. Tọ́kì nìkan pàdánù èèyàn tó lé ní 53,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì tún kú ní Síríà. Òfin ìkọ́lé wà ní Tọ́kì, ó sì dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, ìjọba gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ilé wọn kò bófin mu, wọ́n sì fún wọn níwèé pé kí ilé náà máa dúró bẹ́ẹ̀. Owó wọlé, àbùkù ilé sì wà níbẹ̀. Ní Hatay, ìpínlẹ̀ kan ní Tọ́kì tí ìmìtìtì náà ti ṣọṣẹ́ gan-an, ìlú Erzin kò rí ilé kankan tó wó. Olórí ìlú náà ní òun kò gbà kí wọ́n kọ́lé tí kò bófin mu. Àwọn onímọ̀ sì fi kún un pé ilẹ̀ líle tó wà níbẹ̀ àti jíjìnnà rẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti ya ràn án lọ́wọ́.

Bàbá kan bi mí pé, “Àpáta ni Àkúrẹ́ jókòó lé, kí ló kàn wá?” Òótọ́ ni bàbá sọ. Àpáta àtayébáyé ló wà lábẹ́ wa títí dé Ìdànrè, a sì jìnnà sí ibi tí àwọn ègé ńláńlá tí ojú ilẹ̀ ayé pín sí ti ń fara gbún ara wọn, níbi tí ìmìtìtì ti ń pọ̀ jù. Ilẹ̀ ti mì díẹ̀ ní Kwoi ní Kaduna ní 2016 àti ní Mpape ní Àbújá ní 2018, ó sì pa èèyàn ní Accra ní 1939, àmọ́ n kò fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tí mo fi dá bàbá lóhùn ni pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí ní Èkó, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ilẹ̀ kò mì lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin bíríkìlà, ibi tí òpó ti pàdé bíìmù ni kí ẹ mójú tó jù. Ẹ jẹ́ kí ríńgì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń yí irin òpó ká, súnmọ́ra níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ ẹnu rẹ̀ wọnú òpó, kó má baà ṣí nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Ẹ má fi yanrìn etí òkun po kọnkéré, iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ irin. Ẹ máa bomi rin kọnkéré fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ẹ̀yin onílé, bí bíríkìlà yín bá ní irin tí ẹ rà kò tó, ẹ má sọ fún un pé kó máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀.