Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Tí Òkè Yóò Ya

Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìlọrin. Mo kọ ọ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ìtàn sọ pé ara òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni ìlú yìí ti gba orúkọ. Irin ń ha òkúta, òkúta ń ha irin. Agbára tó ń di nǹkan méjì mú bí wọ́n ṣe ń fara ha ara wọn yẹn ni mo ń pè ní ìdìmú. Òun náà ló di òkè mú sí àyè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òkè kì í ṣàdédé ya. Wọ́n a ti máa yọ̀ wálẹ̀ fún ọdún mélòó kan, mìlímítà díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Ẹni tó kọ́lé sórí rẹ̀ kò ní mọ̀ àfi bí ògiri bá sán. Èwo nínú wọn ni yóò dúró, èwo ni yóò sáré?

Ẹ jẹ́ ká ti ibi omi bẹ̀rẹ̀. Níwájú àwọn olùkọ́ náà, mo fi omi gbígbóná fọ ife gíláàsì kan, mo dojú rẹ̀ dé orí tábìlì dídán tí omi díẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ife náà dá rìn. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ gbóná, ó fẹ̀, ó gbé ife náà fúyẹ́ lórí tábìlì, ìdìmú sì dín kù. Àwọn èèyàn rò pé ńṣe ni òjò ń mú ilẹ̀ yọ̀ bí ọṣẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Omi tó kún àlàfo inú ilẹ̀ ló ń ti òkè sókè láti abẹ́, bí afẹ́fẹ́ inú ife yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vajont, ní Ítálì, nìyẹn. Wọ́n sé odò, omi gun ẹsẹ̀ òkè, òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ ní 1960. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa omi náà sílẹ̀ tí òkè sì dẹsẹ̀. Wọ́n rò pé ìjánu rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn. Nígbà kẹta, wọ́n ń fa omi sílẹ̀, òkè ń sáré sí i, títí ó fi ń rin ohun tó ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ lójúmọ́. Ní alẹ́ 9 oṣù Kẹwàá, 1963, ó já sínú omi. Omi fò kọjá lórí ìsédò, ó sì pa èèyàn bí 2,000. Ìsédò náà ṣì dúró títí dòní. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, torí wọ́n ń wọn òkè yẹn lójoojúmọ́.

Kí ló dé tí ìjánu fi já? Dieterich (1979) àti Ruina (1983), àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìdìmú kì í dúró sójú kan. Bí nǹkan méjì bá ṣe pẹ́ lórí ara wọn tó ni wọ́n ń di ara wọn mú tó. Bí wọ́n bá wá ń yára, àwọn kan a tún dì mú sí i, wọ́n a dá ara wọn dúró. Àwọn kan a tú: bí ó ṣe ń yára ni ìdìmú ń dín kù, bí ìdìmú ṣe ń dín kù ni ó ń yára.

Fún irú èyí tó ń tú, Fukuzono, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jàpáánì, rí ọ̀nà kan ní 1985 láti mọ ọjọ́ tí yóò ya. Ẹ fi ìyára pín 1. Ká ní ilẹ̀ rin mìlímítà 2 lọ́jọ́ kìíní, 4 lọ́jọ́ karùn-ún, 8 lọ́jọ́ keje: ½, ¼, ⅛. Ẹ fà á lórí bébà gíráàfù, ìlà yẹn yóò kan òdo lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ yẹn ni.

Ṣùgbọ́n òkè La Clapière ní ilẹ̀ Faransé sáré láàárín 1986 sí 1988, ó tún rọra. Ìlà nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ìdìmú tó wà lábẹ́.

Olùkọ́ kan láti Ọ̀fà bi mí pé, “Ẹ̀yin ọ̀gá, kòtò tí àwọn onítípà ti ń kó yẹ̀pẹ̀ pupa wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa, ilẹ̀ sì ti sán létí rẹ̀. Ṣé èèkàn méjì àti téèpù tó?” Mo ní, ẹ kan èèkàn kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún ojú sísán náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Bí tòní bá ju tàná lọ, tí tọ̀la tún ju tòní lọ, ẹ má dúró de òdo. Etí kòtò tó dúró gbọnrangandan tiẹ̀ lè já láìyọ̀ rárá, nítorí náà àgbàlagbà ni kó lọ wọ̀n ọ́n, kó sì tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ ti fi okùn yí i ká kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé lọ́jọ́ Ajé.