Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ni ní Lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà Àtijọ́: Àkàrà, Ìlẹ̀kẹ̀ àti Kọ́mà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Fídíò tòní wà fún ẹni tí wọ́n bá gbé lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ lé lọ́wọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sùn mọ́ ọn lójú. Wọ́n sùn mọ́ èmi náà lójú rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba kọ́ọ̀sì yìí, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tó wọkọ̀ dé Plymouth, ní Amẹ́ríkà, ní 1620 ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń ti orí ìwàásù kan bọ́ sí òmíràn. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n wọ ìdánwò ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré mú òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan àti ọmọ onílẹ̀ kan (ìyẹn àwọn tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé) wọlé, bí ẹni ń wá ẹran lé orí ìrẹsì tó ti tutù. Kò sẹ́ni tó rántí wọn nínú ìdánwò.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ń ṣe é báyìí hàn yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ fi ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé sílẹ̀ ná. Ẹ mú nǹkan kan tó ṣeé dì mọ́wọ́ jáde nínú ìwé. Mary Rowlandson ni mo fi máa ń ṣí i. Ìyàwó pásítọ̀ ni, ní Lancaster, ní Massachusetts. Ní oṣù kejì ọdún 1676, nígbà tí Metacom, olórí àwọn Wampanoag, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, ń bá àwọn òyìnbó jagun, wọ́n kó obìnrin yìí nígbèkùn. Ó lò tó ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kí wọ́n tó fi 20 pọ́n-ùn rà á padà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1682. N kì í ka ojú ewé àkọ́kọ́ fún wọn. Ibi tí Metacom ti ní kó bá òun rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ọmọ òun ni mo máa ń ṣí. Ó rán an, Metacom fún un ní ṣílè kan, ó fi ra ẹran ẹṣin. Ó tún ṣe fìlà fún ọmọ náà, ni wọ́n bá pè é wá jẹun. Ohun tí wọ́n gbé fún un dà bí àkàrà pẹlẹbẹ, kò ju ìka méjì lọ: àlìkámà yíyan tí wọ́n gún, tí wọ́n fi ọ̀rá béárì dín. Ó ní òun ò rò pé òun tíì jẹ ohun tó dùn tó o láyé òun.

Ẹ jẹ́ kí kíláàsì dúró lórí àkàrà yẹn. Kí ló dé tó fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Ẹnì kan á ní ahun ni wọ́n. Ẹ ní kó padà sínú ìwé. Yóò rí i pé gbòǹgbò ni àwọn tó mú un lẹ́rú ń wú jẹ, egungun gbígbẹ ni wọ́n ń sè, nítorí àwọn òyìnbó ti ba gbogbo àgbàdo wọn tí wọ́n rí jẹ́. Rowlandson fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn sáré kọjá lórí ẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ wá ẹni tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó fọhùn. Weetamoo lorúkọ obìnrin tí Rowlandson ń sìn. Ó ní agbéraga ni: ojoojúmọ́ ló ń lé àtíkè sírun, tó ń kun ojú, tó ń wọ ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àmùrè. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ké láti ẹ̀yìn kíláàsì mi: “Ẹ̀n-ẹ́n! Ìlẹ̀kẹ̀ ọba lẹ ń pè ní fáàrí yẹn!” Òótọ́ ló sọ. Weetamoo ni olórí àwọn Pocasset, ọ̀kan lára àwọn Wampanoag, ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ìkarahun ṣe yẹn sì ni wọ́n fi ń tọ́jú àdéhùn láàárín ìlú sí ìlú.

Fífi tiwa wé tiwọn dára, ṣùgbọ́n ẹ rọra níbí o, torí mo ti ṣubú síbẹ̀ rí. Àwọn Haudenosaunee, àwọn ọmọ onílẹ̀ mìíràn, ní ìtàn obìnrin kan tó já láti òkè ọ̀run. Àwọn ẹyẹ fi apá gbà á, wọ́n gbé e lé ẹ̀yìn ìjàpá (kì í ṣe Ìjàpá oníjìbìtì tiwa o), wọ́n bu ẹrẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ omi, ilẹ̀ sì fẹ̀ lórí ẹ̀yìn ìjàpá náà. Inú mi dùn, mo ní kí wọ́n fi wé Odùduwà àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ilé-Ifẹ̀ ló kún inú gbogbo ìwé tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Ìjàpá kò rí ju ìlà méjì gbà. Báyìí, ẹni tó bá fẹ́ mẹ́nu ba Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta nípa ìjàpá.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ gé páálí. Bẹ́ẹ̀ ni, páálí. Samson Occom, ọmọ Mohegan (ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan), pásítọ̀ ni, olùkọ́ bíi tiwa sì ni. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní kúkúrú ní 1768, ṣùgbọ́n 1982 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Montauk, ó rí i pé àwọn kan lè ka A, B, D lẹ́nu dé òpin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi lẹ́tà hàn wọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó kọ lẹ́tà sórí bébà kéékèèké, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ègé igi kédárì, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí ọmọ lọ mú lẹ́tà kan wá. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, á da gbogbo rẹ̀ rú, á ní kí wọ́n tún un tò. Mo máa ń ṣe é ní kíláàsì gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́, àwọn àgbàlagbà akẹ́kọ̀ọ́ á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín bá rọlẹ̀ ni mo ń ka ìparí ìwé náà: 180 pọ́n-ùn ni wọ́n fún un fún iṣẹ́ ọdún 12, iye tí wọ́n ń ná lọ́dún kan níbòmíràn. Òun ni tíṣà, òun ni pásítọ̀, òun náà ni ògbufọ̀ ara rẹ̀. Ó ní òun gbà pé torí òun jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tálákà ni. Ẹ̀yin tí wọ́n ti jẹ lówó oṣù rí, n ò ní láti ṣàlàyé ohùn yẹn fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1761, ọmọbìnrin kan gúnlẹ̀ sí Boston láti Áfíríkà. Eyín iwájú rẹ̀ tó ti ká ni wọ́n fi mọ̀ pé yóò tó ọmọ ọdún méje. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ ẹrú tó gbé e wá ni wọ́n wò ní tirẹ̀. Phillis lorúkọ ọkọ̀ náà. Ìwé ewì Phillis Wheatley jáde ní London ní 1773, àwọn ọkùnrin 18 ní Boston, gómìnà wà lára wọn, ló fọwọ́ síwèé pé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́.

Ẹ mú ewì rẹ̀ onílà mẹ́jọ, èyí tó ti ní àánú ló gbé òun kúrò ní ilẹ̀ kèfèrí. Inú á bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí inú bí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà keje sí pátákó. Àwọn Kristẹni, àwọn adúláwọ̀ àti Káínì tò tẹ̀lé ara wọn, kọ́mà ló là wọ́n; ìlà kẹjọ ní wọ́n lè di ẹni tí a fọ̀ mọ́. Ẹ fi dọ́sítà pa kọ́mà kan rẹ́, ẹ ní kí ẹnì kan kà á. Ẹ dá a padà, ẹ ní kó tún un kà. Ṣé àwọn Kristẹni ló ń bá wí ni, àbí àwọn náà wà nínú àwọn tó yẹ kí wọ́n fọ̀ mọ́? Ẹ tún fetí sí i: Káínì (Cain) lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì dún bí “cane”, ìyẹn ìrèké, ọ̀rọ̀ tó lò fún ìwẹ̀nùmọ́ ní ìlà kẹjọ (“refin’d”) ni wọ́n sì ń lò fún fífọ ṣúgà. Àwọn ẹrú ló ń gé ìrèké yẹn.

Ẹ wá gbé lẹ́tà rẹ̀ ti February 1774 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewì náà. Ó ti gba òmìnira nígbà yẹn. Ó ní Ọlọ́run ti gbin ìfẹ́ òmìnira sínú ọkàn gbogbo ènìyàn, ó sì fi àwọn tó ń kó ẹrú wé àwọn ará Íjíbítì. Ta ló kọ ọ́ sí? Samson Occom ni, olùkọ́ onígi kédárì yẹn. Occom ló kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i, èsì rẹ̀ lèyí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá nìyí: ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà tí Occom kọ́kọ́ kọ sí i, ojú ewé kan péré. Máàkì mẹ́wàá ni mo ń fún un, márùn-ún nínú rẹ̀ sì wà fún ẹni tó bá lè fìka tọ́ka sí ìlà tó ti rí ohun tó kọ.